Rúlà Màmá àti Ààlà Yìnyín

Ilé Kẹtàdínlógún, Òpópónà Gorman,
Òkè Tug, New York.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejìlá, ọdún 1996.

Marvela, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́, ṣé oòrùn Arizona ti wò ó sàn? Ẹ kú oòrùn o. Àwa náà wà láàyè, a kàn ń wa ara wa jáde lábẹ́ yìnyín láràárọ̀ ni. Má bínú pé lẹ́tà mi pẹ́. Ọ̀rọ̀ Màmá ló gbà mí lọ́kàn.

Nínú oṣù Kejì, káńsù ní àwọn fẹ́ fa ààlà tuntun fún àgbègbè yìnyín adágún. Òpópónà tí yìnyín rẹ̀ bá pé igba íǹṣì títí oṣù Kẹrin fi parí ló máa wà nínú ààlà, kátápílà ńlá á sì máa gbá a lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Èyí tí kò bá pé, ẹ̀ẹ̀kan péré. O ṣáà mọ afẹ́fẹ́ adágún wa: ó lè da ogún íǹṣì lé wa lórí, kí àwọn ará ìsàlẹ̀ máa sá aṣọ. Bí ẹ̀gbọ́n mi Dwight ṣe gbọ́, ó pè láti Florida pé bí a kò bá bọ́ sínú ààlà, òun ń bọ̀ wá mú Màmá lọ sọ́dọ̀ òun, kí yìnyín má baà sé e mọ́lé. Màmá ní òun kò lọ síbi tí àwọn àgbààgbà ti ń wọ ṣòkòtò péńpé.

Màmá fúnra rẹ̀ ló sì ń wọn yìnyín òpópónà wa fún ọ́fíìsì ojú-ọjọ́ láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Tí aago méje bá ti lù, yóò ki ẹsẹ̀ bọ bàtà Bàbá, yóò ki rúlà bọ yìnyín orí pátákó funfun tó wà lẹ́yìn ilé, yóò kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, yóò sì gbá pátákó náà mọ́. Nígbà tí oṣù Kẹrin ku ọjọ́ mẹ́ta, igba íǹṣì ṣì ku mẹ́rin. Mo ní kó kàn fi mẹ́rin kún un. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní ká lọ ja ṣọ́ọ̀ṣì lólè.

Marvela, n ò fẹ́ kí wọ́n gbé ìyá mi lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ó ṣe ń dín ẹyin lọ́wọ́, mo lọ wa yìnyín ẹ̀bá ọ̀nà, mo dà á sórí pátákó, mo sì fọwọ́ pa á kó dọ́gba. Kò pẹ́ tó fi pariwo orúkọ mi.

"Arlene! Sánmà wo ló ń rọ òkúta wẹ́wẹ́?"

"Bóyá afẹ́fẹ́ ló gbé e, Màmá."

"Afẹ́fẹ́ náà ló kó irun ajá mọ́ ọn? Òun náà ló fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lórí?"

Ó gbá a dànù, ó kọ òdo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ó kọ ọ́ pé: "Ọmọ mi da yìnyín sórí pátákó. Mo ti bá a wí." Ó sì fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì! Ojú tì mí débi pé n kò lè lọ ra búrẹ́dì.

Nítorí ohun tó kọ yìí ni wọ́n ṣe rán obìnrin kan, Arábìnrin Tillotson, wá yẹ iṣẹ́ Màmá wò. Ó gba rúlà, ó yí i lọ yí i bọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí igi ìdáná. Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ! Rúlà tí Bàbá fi ń ṣe káfíńtà ni, òdo rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu igi. Ààbọ̀ íǹṣì igi lásán ló ṣáájú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Màmá bá wọn yìnyín, ààbọ̀ íǹṣì ń sọnù, ìgbà mọ́kànlélọ́gọ́ta ló sì wọ̀n ọ́n lọ́dún yìí. A ti kọjá igba tipẹ́tipẹ́. Káńsù fa ààlà kọjá wa, a sì bọ́ sínú rẹ̀.

Mo fò sókè, mo dì mọ́ Màmá. Ó já ara rẹ̀ gbà. "Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi parọ́ fún ìjọba, o wá ní kí n máa jó?"

Dwight kò gbà gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dé láti wá fojú ara rẹ̀ rí kátápílà, ó sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Kátápílà wá lóòótọ́, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, gbogbo yìnyín tó bá sì gbá, orí ọkọ̀ Dwight ló ń kó o lé. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án lónìí tó ti ń la igi, tó ń jẹ ọbẹ̀ ẹran àgbọ̀nrín Màmá, tó ń bú káńsù. Lánàá mo rí Màmá lójú ọ̀nà, ó gbé kọfí gbígbóná dání fún Lonnie tó ń wa kátápílà náà. Mo rò pé ó lọ bẹ̀ ẹ́ kó tú ọkọ̀ ọmọ òun sílẹ̀ ni, mo bá sún mọ́ wọn.

"Lonnie, bí o ṣe ń ṣe é yẹn dáa," ni mo gbọ́. "Máa kó o síbẹ̀. Ọdún mẹ́fà rèé tí ọmọ yìí ti sùn nílé mi kẹ́yìn. Jẹ́ kó di lẹ́yìn Kérésì."

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ilé. Bí o bá bá Dwight sọ̀rọ̀, má jẹ́ kó gbọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́ láti abẹ́ yìnyín,
Arlene Zehr