Ògúlùtu Tí Mo Jù Lù Ọ́

Èmi aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìparí òpópónà, tó dojú kọ ibi tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ni mo ń kọ lẹ́tà yìí. Bàbá àgbẹ̀ tó ni oko ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ tuntun ló ń sọ̀rọ̀. Wọn ò kàwé, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ bá àwọn tún ọ̀rọ̀ sọ. Bó bá ṣe jáde lẹ́nu àwọn ni kí n ṣe kọ ọ́. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó, kí wọ́n fara balẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe ìfarabalẹ̀ ni àwọn wá ṣe níbí. Ohun tó gbé wọn wá ni pé ọmọ ọmọ wọn fẹ́ bá ọkọ̀ àwọn ará òfuurufú gòkè lọ, kò sì ní in lọ́kàn láti padà wá.

Apá-Erin, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí ọ bí àgbà ṣe ń kí ọmọdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi ń ru bí omi tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ò ń rí oúnjẹ gidi jẹ lọ́hùn-ún, àbí ìwọ náà ti ń jẹ erùpẹ̀ bíi tiwọn? Ní tèmi, mo wà. Orúnkún ń dùn mí, apá ọ̀tún ń dùn mí, màá sì sọ ohun tó fa ti apá fún ọ láìpẹ́. Àgbàdo tó kù ti yọmọ. Ajá rẹ ṣì ń sùn sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ, kì í jẹ́ kí n gbálẹ̀ ibẹ̀.

Olójú-Ogún, ọ̀rẹ́ rẹ tó máa ń pa ojú dà, wá bá mi lánàá. Ojú obìnrin oníbúrẹ́dì ló gbé wọlé, mo sì ti ń bá a nájà kó tó sọ fún mi pé òun ni. Ó jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná, ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tí ẹ bá lọ ti fẹ́ẹ̀ parí. Ó ní ẹnì kan máa gbé ohun tó máa bú gbàmù wọ inú ọkọ̀ ńlá àwọn ará òfuurufú, á rì í mọ́ àárín erùpẹ̀ tí wọ́n kó síbẹ̀, á sì sọ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó tì. Ó ní ìwọ lo máa gbé e, torí pé ó wúwo, kò sì sẹ́ni tó lágbára bíi tìrẹ nínú yín. Títí dé ibẹ̀, mo gbọ́. Àfi bó ṣe ní o ti sọ fún wọn pé o ò ní sọ̀ kalẹ̀. Pé wàá jókòó tì í títí á fi bú lókè lọ́hùn-ún, kó lè dá ọ lójú. Ó ní òun bi ọ́ pé, "Ilé ńkọ́?" O ní, "Ilé wo? Bàbá mi sọ mí lókò lójú gbogbo ayé. Ta ló ń dúró dè mí?"

Ta ló ń dúró dè ọ́! Ìwọ ọmọ yìí! Aránṣọ, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, má yọ ẹyọ kan kúrò níbẹ̀.

Jẹ́ kí n ti ibi tí irọ́ ti bẹ̀rẹ̀ mú un. Nígbà tí ò ń kúrò nílé, o ní iṣẹ́ aránṣọ lo ń lọ kọ́. Mo fún ọ ní sísọ́ọ̀sì tí ìyá àgbà rẹ fi sílẹ̀. Mo di àgbàdo sínú àpò, mo rù ú wá kí ọ̀gá rẹ, pé kó bá mi wojú ọmọ mi. Obìnrin náà wò mí sókè, ó wò mí sísàlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ọmọ wo?" Òun náà ló ń kọ lẹ́tà yìí. Ó ń rẹ́rìn-ín báyìí. N kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Àpò àgbàdo ọjọ́ náà kò sì padà sílé, ó jẹ ẹ́.

Kí ló dé tí o fi purọ́ fún mi? Ṣé èmi ni mo máa tú ọ fó? Láti kékeré rẹ, ọjọ́ tí ọmọlanke tó kún fún bíríkì gun ajá yẹn lẹ́sẹ̀, tí o fi ọwọ́ kan gbé e kúrò bí ẹni gbé abọ́, èmi nìkan ni mo rí ọ. Ta ni mo sọ fún? Mo gbé ajá, mo mú ọ lọ́wọ́, a wọlé. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kí o má máa bọ ènìyàn lọ́wọ́ kí o má baà rún wọn léegun. Àṣírí tí mo ti fi agbádá bò láti ìgbà náà, àwọn kan tó fẹ́ lé àwọn ará òfuurufú lọ ni wọ́n wá pè ọ́ sí yàrá tó ní kọ́tìnì, tí wọ́n ní títí iṣẹ́ á fi parí, o ò ní bàbá, o ò ní ìyá, o ò ní ilé. Bá mi sọ fún wọn pé mo kí wọn. Sọ fún wọn pé ẹni tó bá ní kí ọmọ ọlọ́mọ máà nílé mọ́, kí ó kọ́kọ́ kó jáde nínú tirẹ̀.

Ẹ rò pé a ò mọ ohun tí àwọn tó ni ọkọ̀ yẹn jẹ́. Àwọn ará ìlú ń pè wọ́n ní àlejò. Àwọn mìíràn ní ará ọ̀run ni wọ́n. Mo ní ẹ má bú bàbá mi, òun ló ń jẹ́ ará ọ̀run, kò sì jí nǹkan ẹnikẹ́ni rí. Ará òfuurufú ni àwọn wọ̀nyí. Wọn kì í làágùn, eṣinṣin kì í bà lé wọn, ẹni tí mo sì ń pè ní Aláìṣẹ́jú, tó jẹ́ olórí wọn, n kò tíì rí i kí ó ṣẹ́jú. Wọ́n wá pẹ̀lú ẹnu dídùn pé àwọn á fọ ilẹ̀ wa, àwọn á dá a padà kó lóràá ju ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀já rọ́bà gbọọrọ ń ti oko mi gbé erùpẹ̀ wọ ilé funfun tí kò ní fèrèsé. Mo ti wọ ibẹ̀ lọ jà. Inú rẹ̀ ń rùn bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀. Ohun tí wọ́n ń dà padà sóko mi kì í ṣe ilẹ̀. Eérú ni, koríko pàápàá kọ̀ ọ́. Ilẹ̀ tí bàbá mi fi ọwọ́ ṣán! Ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n bí mi, n kò kọ́ ohun mìíràn. Tí ilẹ̀ bá lọ, kí ló kù nínú mi?

Mo sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá dara pọ̀ mọ́ wọn lọ́nà ẹ̀tàn. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣọ́ géètì ilé funfun náà wọ aṣọ wọn lọ wo ohun tó wà nínú. Sísín ló tú u fó, nítorí pé wọn kì í sín. Wọn kò pariwo, wọn kò lù ú. Wọ́n kàn gbé e sórí ọ̀já náà bí ẹni gbé apẹ̀rẹ̀. Bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ni mo rí nínú eérú tí wọ́n dà sóko. Mo sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ebè.

Ní báyìí, gbọ́ bí ọjọ́ tí mo sọ ọ́ lókò ṣe rí lójú tèmi. Oòrùn ti mú. Mo tẹ̀ba, mò ń ro àgbàdo. Aláìṣẹ́jú ń bọ̀ níwájú, àwọn mélòó kan tẹ̀ lé e lẹ́yìn. N kò gbójú sókè, torí pé láti ìgbà tí wọ́n ti dé, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kí mi rí. Wọn kì í kí ara wọn pàápàá. Àfi bí mo ṣe gbọ́ lókè orí mi: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọwọ́ ò ní ro yín." Mo gbójú sókè, mo rí ojú kan tó mọ́lẹ̀ kedere bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ojú tí n kò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n orúnkún ẹni náà ti kanlẹ̀.

Bàbá mi ló máa ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹni tó bá bá lẹ́nu iṣẹ́. Mo gbà á lẹ́nu rẹ̀, ìyá rẹ gbà á lẹ́nu mi kó tó lọ, ìwọ náà gbà á. Kò sí ilé mìíràn tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Àwọn oníyàrá kọ́tìnì gbé ojú ará òfuurufú wọ̀ ọ́, wọ́n kọ́ ọ bí o ṣe máa rìn bíi tiwọn, bí o ò ṣe ní ṣẹ́jú, bí o ṣe máa jẹ erùpẹ̀ láìfajúro. Wọn ò mọ ohun tí mo ti fi sínú orúnkún rẹ. O ò lè kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kí o pa ẹnu mọ́! Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ dìde dì mọ́ ọ. Ibẹ̀ ni Aláìṣẹ́jú ti dúró. Ó yí orí padà sí ọ, orí nìkan, ara rẹ̀ kò yí. Àwọn yòókù náà yí orí. Bàtà ẹsẹ̀ kan yẹn ló wá sí mi lójú.

Ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ mú ògúlùtu, tí mo jù ú lù ọ́ láyà. Mo ní, "Olè! Ẹ ń kó ilẹ̀ bàbá mi lọ, ẹ tún wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Ta ni bàbá rẹ? Ṣé mo jọ bàbá rẹ? Kúrò níwájú mi!" Mo sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, aránṣọ ní òun ò lè kọ ọ́. Aláìṣẹ́jú bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ọmọrí ìkòkò tó ń hó. Ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn. Ó rò pé o ń fi àgbàlagbà ṣẹ̀sín ni, ó sì dùn mọ́ ọn. Ó gbá ọ léjìká, ẹ kọjá. Mo ń bú yín lọ títí ẹ fi kọjá ibi ọ̀já. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sínú poro.

N kò bẹ̀ ọ́. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, màá tún jù ú. Ṣùgbọ́n kí ni orí rẹ wà fún? Ìwọ tí ọmọlanke bíríkì kò ṣe ní nǹkan kan, ògúlùtu ló wá dùn ọ́? Òkúta wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ògúlùtu tí òjò ti mú rọ̀ ni mo mú. Ó fọ́ sí ọ láyà bíi búrẹ́dì. Ṣé bí ẹni tó kọ ọmọ ṣe ń sọ̀kò nìyẹn?

Gbọ́ ohun tó kàn. Láti ọjọ́ náà, gbogbo wọn ló ń kí mi. Ẹni tó bá ti ń kọjá á tẹ orúnkún bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọwọ́ ò ní ro yín," á wá dúró, á máa retí ògúlùtu tirẹ̀. Tí n kò bá jù ú, kò ní lọ! Ohun tó ń dun apá mi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá mi ni wọ́n tún jí mọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Mò ń sọ wọ́n lókò lójoojúmọ́, tiwọn kì í sì í ṣe èyí tí òjò mú rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe wá bi mí lóko pé, "Bàbá, ṣé kò sí o?" Mo ní kó máa lọ fẹ́ táyà rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló jẹ́ kí n fara dà á. Mo ní nígbà tí gbogbo wọn ti ń kí mi, ìwọ náà lè wá kí mi láìsí ẹni tó máa fura. Mò ń dẹtí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè pe "Bàbá" bó ṣe yẹ. Bí ẹni fi síbí kan irin ni wọ́n ń pè é. Mò ń retí tìrẹ láàárín wọn. Òdìkejì ọ̀já lò ń gbà kọjá. Mo rò pé ò ń ṣọ́ra ni. N kò mọ̀ pé inú ló ń bí ọ! Ìwọ! Sí èmi!

Ó dáa. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde pé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà máa gbéra, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà lóko mi, torí pé iná abẹ́ rẹ̀ máa jó gbogbo ohun tó bá wà níbẹ̀. Mo gbọ́. Etí mi kò di. Mi ò lọ síbì kankan. Abẹ́ ikùn rẹ̀ gan-an ni màá wà, màá máa ro ebè tí o fi sílẹ̀ láìparí. Olójú-Ogún bẹ̀ mí títí, ó ní orí mi le bí òkúta. Mo bi í pé níbo ló rò pé ìwọ ti rí tìrẹ. Nítorí náà, tí o bá bá ọkọ̀ lọ, orí èmi ni o máa gbà lọ. Tí o bá gbé ẹrù náà sílẹ̀, tí o sọ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó tì, àyè á gbà ọ́ láti gbé mi sí èjìká, kí o sá. Orúnkún mi kò lè sáré mọ́. Ó kù sí ọ lọ́wọ́.

Ilẹ̀ tí ò ń jà fún kò ní gbé ọ mì. Ẹsẹ̀ tí o fi gòkè ni wàá fi sọ̀. Ojú wọn kò ní tó ọ, ọwọ́ wọn kò ní tẹ̀ ọ́. Wàá sin mí, n kò ní sin ọ́. Àṣẹ ni mo fi pa á, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá tó bí ìyá rẹ, tó ń dúró dè ọ́.

Àmì àtàńpàkò wọn rèé. Mo fún wọn ní yíǹkì, wọ́n kọ̀ ọ́; wọ́n ní erùpẹ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn tó.

Àwọn tó ṣẹlẹ́rìí: ọ̀gbẹ́ni atún-kẹ̀kẹ́-ṣe tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù mi, àti Olójú-Ogún, tó máa gbé lẹ́tà náà lọ pẹ̀lú ojú ọ̀kan nínú àwọn ará òfuurufú.

Àfikún: Bàbá ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó padà. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé: Tí o bá sọ̀ kalẹ̀, tí o bá mi lẹ́nu iṣẹ́, tí o sì fẹ́ gbé mi láìkọ́kọ́ kí mi, kí o mọ̀ pé òkúta ni màá mú lọ́tẹ̀ yìí.