Èènì Orí Ọṣẹ Ìyá Wa

London, nínú òtútù.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjà, ẹ kú èéfín ọṣẹ lójú, ẹ kú ojú lọ́nà fún lẹ́tà mi. Mo kí Bàbá nídìí máṣíìnì ìránṣọ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá Àgbà. Mo kí àwọn ìyàwó ilé àti gbogbo agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnká, tọmọdé tàgbà.

Ràfíù, àbúrò mi, ìwọ tí o ń ka lẹ́tà yìí fún wọn, mo kí ìwọ náà. Dúró ná. Pe gbogbo ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí o tó máa bá a lọ. Kà á sókè, má sì fo ìlà kankan. Mo mọ̀ ọ́ dáadáa: ibi tí wọ́n bá ti yìn ọ́ lo máa ń fò.

Ìyá mi, ara mi le, a dúpẹ́ fún Ọlọ́run. Ilé ìfọṣọ yẹn ni mo ṣì wà. Ọṣẹ tí a ń dà sínú ẹ̀rọ níbẹ̀ funfun bí ẹ̀lùbọ́ láfún, kò lóòórùn bíi tiyín, ó sì ti bó mi lọ́wọ́. Òtútù ti dé. Kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, ilẹ̀ ti ṣú. Yàrá mi kò tóbi ju ibi tí ẹ ń kó eérú ọṣẹ sí lọ. Bí mo bá kí onílé mi lórí àtẹ̀gùn, á mi orí bí ẹni tí eṣinṣin bà lé. Bí ọjọ́ Sátidé bá dé, ó lè di ọjọ́ Mọ́ńdè kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ẹ mọ ohun tó gbé mi wá síbí. Nígbà tí mo ṣe ìwé mẹ́wàá tán, n kò rí àyè nínú kíláàsì Háyà, ọdún méjì tí wọ́n fi ń múra sílẹ̀ fún Yunifásítì. Ẹ̀yin àti Bàbá wá sa gbogbo agbára yín, ẹ fi mí sínú ọkọ̀ ojú omi pé kí n lọ kà á nílùú òyìnbó. Ikonómíìsì ni mo mú, ẹ̀kọ́ nípa bí èèyàn ṣe ń rà tí wọ́n sì ń tà. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń lọ sí kíláàsì lẹ́yìn iṣẹ́, tí oorun ń kùn mí lórí ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe ìdánwò náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì fìdí rẹmi. Ti ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ fún yín.

Lẹ́yìn náà ni Ràfíù kọ̀wé pé òun ti wọ Háyà nílé níbẹ̀, pé Ikonómíìsì lòun náà mú. Ó ní àwọn ń wọ aṣọ funfun pẹ̀lú táì, wọ́n ń yá àwọn níwèé, olùkọ́ àwọn sì ń dúró dáhùn ìbéèrè. Bó bá sì jáde, á gba ẹ̀yìn Mápó sọ̀kalẹ̀ wálé wá jẹ oúnjẹ yín. Ìyá mi, mo jowú. Gbogbo ará ilé rò pé òun ni yóò máa jowú èmi tí mo wà ní London. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà nìkan ló kù tí mo fi ju Ràfíù lọ.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí iye tí à ń ta ọjà. Ìsọ̀ yín ní Ọjà'ba ni Ràfíù kọ nípa rẹ̀. Ó ní iye kan náà lẹ máa ń dá lé ọṣẹ fún gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sanwó tán, ẹ óò bu èènì lé e, èènì ọ̀kan kì í sì í tó ti èkejì. Aláboyún ń gba púpọ̀. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn láti Mọ́lété ń gba púpọ̀. Ẹni tó bú ọjà yín kó tó rà á, bíńtín ni tirẹ̀. Ó ní iye tí à ń pè lẹ́nu kọ́ ni iye ọjà, nínú èènì ló fara pamọ́ sí. Olùkọ́ kà á fún gbogbo kíláàsì. Ràfíù dà á kọ, ó fi ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò nítorí pé èmi ni mo wà ní London.

Inú mi ru. Ta ló jókòó ti ọṣẹ yẹn? Nígbà tí Ràfíù ń kàwé nílé, èmi ni mo ń bu èènì, tí ẹ ń fi ojú bá mi sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá di ojú kan, kékeré ni. Bí ẹ bá wo igbá, kí n bù ú dáadáa. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni mo fi bu èènì, n kò mọ̀ pé ìwé wà nínú rẹ̀.

Mo fa gègé pupa sára àròkọ náà. Mo kọ̀wé sí i pé ọ̀rọ̀ ará oko ni èènì, pé kò gbọdọ̀ kọ ọ́ níbi ìdánwò rárá. Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀, àbúrò ò sì jiyàn. Ó fèsì pé òun ti fa tòun ya, òun ti ń há èyí tó wà nínú ìwé sórí. Ó ní òun ka lẹ́tà mi fún yín, pé ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí ni ọlọ́ṣẹ mọ̀, pé London ló mọ̀ jù. Ìyá mi, ẹ̀rín yẹn dùn mí wọra.

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Ní kíláàsì wa, olùkọ́ béèrè bóyá ọjà kan lè ní iye kan lẹ́nu, kó má jẹ́ iye kan náà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Mo dìde, mo sọ ọ̀rọ̀ èènì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàbá arúgbó tí kì í gbójú sókè yẹn gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó ní kí n tún un sọ. Ó bi mí pé ta ló ro èyí. Mo ní èmi ni. Láti ọdún mẹ́ta, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa yìn mí nìyẹn, àbúrò mi ni mo sì jí i lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti padà lọ bá olùkọ́ náà, mo ti sọ òtítọ́ fún un. Ojú tì mí. Ràfíù, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí o ṣe ìdánwò. Bí o ṣe gbọ́ tèmi nígbà tí mo purọ́, gbọ́ tèmi báyìí: kọ èènì. Àròkọ rẹ wà nínú àpòòwé yìí, òun nìkan ló kù láyé. Má wo gègé pupa, owú ló fà á. N kò ní sọ pé owú náà ti tán lára mi, kò tíì tán. Ṣùgbọ́n gbangba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni lẹ́tà mi ti tàbùkù ìyá wa, gbangba ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n. Ẹ forí jì mí, ìyá mi.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ọjà yín á máa tà, ojú yín kò ní í ribi. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn tí ìsọ̀ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Gàníyù.

Mo ti parí lẹ́tà, èyí tó kù yìí, èènì ni: nínú àwa ọmọ yín méjèèjì, ìyá mi, Ràfíù ló mọ̀wé jù. Ràfíù, mo mọ̀ pé o ti fò ó. Padà sẹ́yìn, kí o kà á fún wọn.