Kílò Tèmi, Màlúù Tiwọn

Mma Olóòtú, ìyá wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láti ìlú Maun ní Botswana níbí. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ìdí Tábìlì ni kí ẹ pè mí, torí ọ̀gá mi ń gbọ́ ètò yín lórí rédíò.

Ilé ìtura kan ni mo ti ń gba àlejò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá wa tuntun, Rra Tshekiso, pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Wọ́n ní kí kálukú sọ iye kílò tó wọ̀n, pé ẹni tó bá sanra jù yóò kúrò níwájú àlejò, yóò lọ máa fọ aṣọ. Èmi gan-an ni wọ́n ń wò.

Mo ní, "Màá sọ, Rra. Àmọ́ màlúù mélòó lẹ ní?"

Ta ni kò mọ̀ pé a kì í bi ọkùnrin ilẹ̀ wa ní irú ìyẹn, torí màlúù lọrọ̀ rẹ̀? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Ọ̀gá jágbe mọ́ mi: "Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Rra. Ìdáhùn tèmi náà nìyẹn."

Rra Dikgang tó ń tọ́jú ọgbà wa ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá bá tiwọn lọ. Mo ṣì wà nídìí tábìlì mi, digbí!

Àwọn kan ní mo yájú, pé ṣebí mo máa ń sọ kílò mi fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ òfúrufú kékeré gbé wa bá a bá ń rìnrìn àjò. Mo ń sọ ọ́ lóòótọ́, torí bí ẹrù bá pọ̀ jù, ọkọ̀ ò ní í gbéra. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i: tábìlì tèmi, ibo ló ń fò lọ?