Màmá Jókòó-Ná, Tí Kò Pa Irọ́ Ikú fún Ọmọdé

Ní ọdún 1952 ni a bí Màmá, nínú ilé oníyàrá méjì lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Aránṣọ ni bàbá wọn. Ilé ìwòsàn ni ìyá wọn ti ń fọ aṣọ. Màmá nìkan ni ọmọ tí àwọn òbí náà bí.

Ìyá wọn kú ní 1958. Àánú ọmọ kékeré náà ṣe àwọn àgbà ilé, ni wọ́n bá ní ìyá rìnrìn àjò. Láti ìgbà náà ni Màmá ti ń yọ ẹran oúnjẹ wọn pamọ́ sínú àpò aṣọ ilé ìwé de ìyá wọn. Ẹran á rùn, wọ́n á jẹgba. Ọmọ kíláàsì kan tí wọ́n jọ jà ló là á mọ́ wọn lójú pé òkú ni ẹni tí wọ́n ń dúró dè. Màmá máa ń sọ pé ohun tó dun àwọn ju ikú yẹn lọ ni pé gbogbo ilé mọ̀, tí àwọn nìkan kò mọ̀.

Wọ́n jáde girama ní 1970, wọ́n kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì tún kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtọ́jú ọpọlọ àti ọkàn. Ní 1977 wọ́n fẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé kan, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ará àdúgbò ní Ọlọ́run mọ ohun tó ṣe: ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn láti àárọ̀ kò yẹ kó tún délé bá aláròyé.

Láti 1983 ni Màmá ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ọkàn wọn gbọgbẹ́ nínú àwọn ilé ìwé. Yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti àga fífọ́ sí ni wọ́n sábà máa ń fún wọn. “Jókòó ná” ni ọmọ kọ́kọ́ máa ń gbọ́ níbẹ̀, òun náà ló sì di orúkọ wọn. Bí òbí ọmọ kan bá kú, Màmá kì í gbà kí wọ́n pè é ní ìrìn àjò. Màmá á bẹ ẹbí, wọ́n á sì jókòó tì wọ́n títí ẹbí yóò fi sọ òótọ́ fún ọmọ náà. Ọ̀gá ilé ìwé kan lé wọn nítorí rẹ̀. Ìyá àgbà kan tilẹ̀ ṣépè fún wọn.

Nínú ìjọ, ẹgbẹ́ abẹ̀wò ni wọ́n wà. Ní ilé ọ̀fọ̀, tí gbogbo èèyàn bá rọ̀gbà yí àwọn àgbà ká, àwọn ọmọdé ni Màmá máa ń wá lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ní ọdún tó kọjá, àìsàn ẹ̀dọ̀ dá wọn dùbúlẹ̀, dókítà sì ní kò sí ohun tó kù láti ṣe. Àwọn ọmọ wọn, tí iṣẹ́ yìí bọ́ yó, fi ohùn ṣọ̀kan, wọ́n sọ fún ọmọ-ọmọ tó kéré jù pé Màmá fẹ́ rìnrìn àjò. Bí ọmọ náà ṣe di aṣọ rẹ̀ sínú ọ̀rá nìyẹn, ó ní òun ń tẹ̀ lé wọn.

Màmá ní, “Jókòó ná. Mi ò lọ sí ìrìn àjò kankan. Mo fẹ́ kú ni, mi ò sì ní padà wá.”

Ọmọ náà sunkún títí ó fi sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò kúrò níbẹ̀ mọ́, àfi tí ilé ìwé bá yá. Òun ló wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà, òun ló sì jáde wá bá àwọn àgbà ní pálọ̀, tó ní, “Màmá ti kú.”

Ọkọ, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ méje ló gbẹ̀yìn wọn. Ẹbí kò kọ ọ́ síbí pé Màmá papòdà, tàbí pé wọ́n relé. Wọ́n kú, ó sì dun gbogbo ilé wọra. Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, Màmá. Ẹ sùn.