Ọ̀pá Tó Ń Tẹ̀ fún Bàbá Mi

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ara líle. Màmá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ekpan níbí, orúnkún mi méjèèjì ló kan ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Dúró, ẹ kú àmójútó àwọn àgbà. Ìyàwó wa, ẹ kú ọmọ lọ́wọ́. Gbogbo ará etí ọ̀sà ní Ìgbókòdá, mo kí yín o. Bí ẹ bá rí i pé mo gbé ọ̀rọ̀ ilé wa sínú ìwé ìròyìn, ẹ má bá mi wí, Bàbá mi ló fà á. Bí mo bá ti dárúkọ omi lórí fóònù, wọn á ní kí Màmá wá gba fóònù, pé etí ń dùn wọ́n. Etí tí kì í dùn yín bí wọ́n bá ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù, Bàbá! Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbi tí gbogbo àdúgbò yóò ti bá mi kà á sí yín létí.

Ọ̀rọ̀ náà kò ju ẹyọ kan lọ. Ó ti di ọdún méjì tí ẹ̀gbà ti mú apá òsì yín, láti ìgbà náà ẹ kò wọ ọkọ̀ ìpẹja yín mọ́. Dókítà ní apá náà ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, pé ẹ lè máa fi ṣe iṣẹ́ tí kò le. Ẹ ní apá tí kò lè ju àwọ̀n mọ́, kí ló fẹ́ wá lọ ṣe lójú omi? Ẹ wá yí àga yín, ẹ kẹ́yìn sí ọ̀sà. Nígbà tí mo wálé lọ́dún tó kọjá tí mo bá yín bẹ́ẹ̀, mo wọ yàrá lọ, mo sunkún. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé mi sẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí n máa fi igbá gbọ́n omi dànù! Mo fẹ́ kí á jọ wọ ọkọ̀ náà nínú ìsinmi yìí, kí ẹ sì pẹja fúnra yín. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn.

Èmi le koko o. Iṣẹ́ olùkọ́ ń lọ déédéé. Àwọn ọmọ ilé ìwé ibí ya aláwàdà. Bí mo bá gbé ìṣirò tó le síwájú wọn, wọn á máa bẹ̀ mí pé abeg, kí n jẹ́ kí ọpọlọ àwọn sinmi. Àwọn ọmọ Yorùbá inú wọn pàápàá, kí n fi Yorùbá bá wọn wí títí, Pidgin ni wọ́n máa fi dá mi lóhùn. Òjò wá ń rọ̀! Aṣọ tí mo bá sá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọpẹ́ ni bó bá gbẹ ní Ọjọ́bọ̀. Ní Ọjọ́ Àìkú, bí ìsìn bá ti parí, ilé mi á pa lọ́lọ́, àárò yín á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ mí. Mo wá ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Ubeji, létí omi, nítorí pé òórùn ẹrẹ̀ ibẹ̀ jọ ti ilé wa.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Ọ̀gá Tuoyo, ọmọ Ìtsẹkírì kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ jórinjórin. Bí ó bá ń sọ èdè wọn, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé ará ilé wa kan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri, mo ń gbọ́ ìdajì. Ọ̀gá yìí kì í lo ekòló. Ẹja ike kékeré ló ń so mọ́ okùn ọ̀pá ìpẹja, ìwọ̀ wà lábẹ́ ikùn rẹ̀, ahọ́n ike kan wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ahọ́n náà kúrú, ìyẹn ni kò jẹ́ kó lè rì jìn. Bí wọ́n bá ń fà á bọ̀, á máa jó bọ̀ lókè ewéko bí ọmọ ẹja tó ṣìnà. Bàbá, mo rántí ẹ̀yìn igi àgbọn wa, níbi tí omi kò jìn, tí ewéko máa ń fa àwọ̀n yín ya. Mo ní háà, mo ti rí ohun tí Bàbá mi máa lò.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ yín ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun ìpẹja. Ẹ mọ bí ẹ ṣe máa ń yan ọ̀pá ọkọ̀, èyí tí ẹ fi ń ti ilẹ̀ kí ọkọ̀ lè lọ: ẹ ó fi ìdí rẹ̀ gúnlẹ̀, ẹ ó fara tì í, èyí tó bá tẹ̀, ẹ ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé ọ̀pá tó bá tẹ̀ máa ju èèyàn sómi. Mo kó ọ̀pá ìpẹja mẹ́fà kalẹ̀, mo ń fara ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù figbe ta, ó ń bi mí bóyá ẹnì kan ló rán mi wá ba ọjà òun jẹ́. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre, pé ọmọ apẹja ni mí. Mo mú èyí tó le jù, tó gùn jù, mo gbé e dé Ubeji pẹ̀lú ìyangàn. Ọ̀gá Tuoyo wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń já máńgòrò ni mo rà.

Ẹ mọ agídí mi, ọ̀dọ̀ yín náà ni mo ti jogún rẹ̀. Mo ju ẹja ike sómi. Ẹja gbé e, gbà! Mo fa ọ̀pá, ó bọ́. Ẹja mẹ́ta ló gbé e láàárọ̀ ọjọ́ náà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìgbà náà ni Ọ̀gá Tuoyo wá fi sùúrù ṣàlàyé pé ọ̀pá ọkọ̀ ń ti ilẹ̀ ni, ó yẹ kó le, ṣùgbọ́n nǹkan tó ní ẹ̀mí ló ń fa ọ̀pá ìpẹja. Bí ó bá le jù, á já ẹja ike gbà kí ẹja tó pa ẹnu dé. Ó ní kí n wá èyí tó rọ̀ láti àárín dé ṣóńṣó, tó máa tẹ̀ tẹ̀lé ẹja, tí kò gùn jù, tí èèyàn lè fi ọrùn ọwọ́ kan ṣoṣo jù lórí ìjókòó. Wọ́n kọ ọ́ sára irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ pé ẹja òyìnbó kan tó ń jẹ́ báàsì ni wọ́n ṣe é fún. Ó ní kí n má dá wọn lóhùn, pé ẹja tí ebi bá ń pa kì í ka ìwé.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo tọrọ àforíjì, ọkùnrin náà fi èyí tó rọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó wá ku kí n mọ̀ bóyá apá yín máa lè ṣe é. Mo jókòó nínú ọkọ̀ Ọ̀gá Tuoyo, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta lé ara wọn sí ọwọ́ òsì mi kó má baà lè yára. Àwọn obìnrin tó ń fọ aṣọ létí omi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dọ́ba, ọ̀kan ń béèrè bóyá ọwọ́ kan ṣoṣo ni òtútù ń mú. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún ju ẹja ike náà. Ọwọ́ oníbọ̀sẹ̀ wá ń fi ẹ̀rọ kékeré tó wà nídìí ọ̀pá ká okùn bọ̀, á ká díẹ̀, á dúró, á tún ká. Ó ń bí mi nínú pé ó ń falẹ̀. Ni Ọ̀gá Tuoyo bá ní kí n má yí i padà rárá! Àṣé bí wọ́n bá ń yára ká okùn, ńṣe ni ẹja ike yẹn máa rì lọ há sínú ewéko. Bó bá ń bọ̀ jẹ́jẹ́ ló máa wà lókè. Ó ní ó gba òun ní ọdún púpọ̀ kí òun tó kọ́ ọwọ́ òun láti falẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá, mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú mi. Ọwọ́ tí ẹ ní kò wúlò fún nǹkan kan mọ́, òun gan-an ni iṣẹ́ yìí ń wá.

Kò pẹ́ sí i ni sínápà kan, ẹja pupa yẹn, gbé e. Ọ̀pá tẹ̀ títí ṣóńṣó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Mo ń pariwo Bàbá o, Bàbá o, bí ẹni pé ẹ wà lẹ́yìn mi nínú ọkọ̀. Kò bọ́! Mo fà á wọlé. Ó gùn tó láti ìgbọ̀nwọ́ mi dé ìka. Ọbẹ̀ bánga, ọbẹ̀ ẹyìn tí wọ́n ń sè níbí, la fi sè é, orí rẹ̀ tó yẹ kó jẹ́ tiyín, mo bá yín jẹ ẹ́.

Mo ti fẹ́ parí lẹ́tà yìí kí n tó pe Màmá láàárọ̀ yìí. Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ jẹ́jẹ́ yìí fún wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí wọ́n má tíì sọ ọ́ fún yín o. Màmá mi, ẹ̀yin náà! Bàbá, wọ́n ní alẹ́ ni àwọn sọ ọ́ fún yín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ ní kí Bọ̀ọ̀dá Dúró yí àga yín kọjú sí ọ̀sà, kó sì lọ wo ibi tí ọkọ̀ ti ń jò. Ẹ wá ní kí Màmá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ọ̀pá náà tẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá mi. Ó tẹ̀ gan-an ni. Kò ṣẹ́.

Ọlọ́run á fún apá yín lókun. Ẹ̀yin àti Màmá ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àtàgbà àtọmọdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Bọ̀ọ̀dá Dúró kí wọ́n má dí gbogbo ihò ọkọ̀ náà tán. Kí wọ́n ṣẹ́ ọ̀kan kù fún mi, èyí tí màá máa gbọ́n.

Èmi ni ọmọ yín, agbọ́nmi yín,
Bọ́lá