Kì í Ṣe Kànrìnkàn Ló Wà Nínú Káyọ̀dé

Ẹ kú ilé o, Màámi, ẹ kú ìpayà ọmọ. Mo kí Bàbá wa. Mo kí Fọlákẹ́ àbúrò mi tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí, àti ẹ̀yin ìyá àdúrà. Kí Fọlákẹ́ kà á sókè kí gbogbo ilé gbọ́, torí gbogbo ilé náà lẹ ti sọ ọ́ fún. Ẹ ò gbé fóònù mi mọ́, ni mo ṣe fi í ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ mọ̀ pé ìfun Káyọ̀dé ọkọ mi ló lọ́ pọ̀, tí wọ́n gé ibi tó ti kú, tí wọ́n sì rán ìyókù. Ìgbẹ́ ló ń gba inú ìfun kọjá, nítorí náà kòkòrò kì í pẹ́ dé ojú irú abẹ bẹ́ẹ̀. Kí dókítà tó rán awọ ikùn rẹ̀ pa dé, ó tẹ́ nǹkan pẹlẹbẹ kan sábẹ́ rẹ̀ tó kún fún oògùn apakòkòrò. Ó ní abẹ́rẹ́ máa ń rìn káàkiri ara kó tó dé ojú egbò, ṣùgbọ́n èyí, ibi tí wọ́n fi í sí gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́, yóò sì yọ́ mọ́ ara fúnra rẹ̀. Sípọ́ńjì ni wọ́n ń pè é. Oorun abẹ́rẹ́ ò tíì dá lójú Káyọ̀dé tó fi sọ fún yín lórí fóònù pé wọ́n fi sípọ́ńjì sí òun nínú. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di kànrìnkàn.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú Àǹtí Ṣadé, àbúrò yín, ló pa á. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ló ń sá. Síbẹ̀ inú bí mi, Màámi. Ẹ pe ọmọ lórí ibùsùn, ẹ ní kó má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun mọ́ títí wọn ó fi yọ kànrìnkàn wọn, pé àwọn ará ìlú tó ń lé àlejò kiri lọ́dún tó kọjá ò lè ṣàánú ẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Egbò náà ti kẹ̀. Dókítà ti sọ ọ́ ṣáájú pé oògùn yẹn lè má dí gbogbo kòkòrò lọ́nà, pé àwọn dókítà fúnra wọn ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Ó fẹ́ tú okùn díẹ̀ kí ọyún lè jáde, kí wọ́n sì fọ ibẹ̀. Káyọ̀dé kọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn. Nọ́ọ̀sì ọmọ Súlú tó ń tọ́jú rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, ó kígbe eish bí wọ́n ṣe ń kígbe ìyanu níbí, ó ní ìyá yín mà lágbára o. Èmi fi Ìjẹ̀ṣà bẹ̀ ẹ́. Ó ní ohun tí ìyá òun bá ti ní kí òun má ṣe, òun ò ní ṣe é. Olùkọ́ yunifásítì ni o.

Òtútù ibí ń wọ eegun lásìkò yìí. Láti ibi iṣẹ́ mi ní Marshalltown ni mo ti ń sáré lọ bá a. Èmi á wọ kóòtù jókòó tì í, màá máa gbọ̀n, òun á gbóná janjan. Kò sí ẹbí kan níbí tí mo lè ní kó bá mi dá sí i. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, Màámi.

Dókítà ní ká má jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ lágbára Ọlọ́run, ẹ ó jẹ oúnjẹ ọmọ pẹ́. Ẹ kí gbogbo ilé. Bí ẹ bá fẹ́ bínú sí mi, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dìde ná. Ẹ pè é báyìí. Ẹ má ṣàlàyé, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ ṣáà sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ní kó gbọ́wọ́ kúrò níkùn.

Ọmọ yín,
Mopélọ́lá