Ẹgbẹ́ Àjọjẹ Fún Mi Lọ́kọ

Fọlúkẹ́ ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n yáa sọ ọ́ kí ayọ̀ má baà pa mí: mo ti lọ́kọ. Èmi ìyá rẹ ni o, kì í ṣe ẹlòmíràn. Lọ́jọ́rùú tó kọjá ni Pásítọ̀ gbàdúrà fún wa ní pálọ̀, ẹ̀gbọ́n mi wá láti Ifọ̀, òun ló sì fà mí lé ọkọ mi lọ́wọ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi í pa mọ́ fún ọ. Bí o bá pè, tí o ní ohùn mi dùn, mo máa ń sọ pé atẹ́gùn ló fẹ́ sí wa. Má bínú, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run tó rántí mi ní ìrọ̀lẹ́ ayé mi kò ní gbàgbé yín ní ọ̀sán tiyín.

Olúgbádé lorúkọ rẹ̀, òun ló ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bó ìrẹsì kó tó fà á lé Stella ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ àgbà ni a ti pàdé. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Delight, tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ máa ń rán wá láti OPIC, ló kó wa jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń sá ìrẹsì. Mo rò pé yóò mú pàṣán dání bíi tíṣà wa ní sẹ́kọ́ńdírì, mo tilẹ̀ wọ sọ́ọ̀kì lọ. Àṣé kò sí tíṣà. Ó ní kí a jókòó yí ara wa ká, kí kálukú sọ ohun kan tí kò mọ̀, kí àwọn yòókù sì ronú bí wọn yóò ṣe kọ́ ọ. Muslimah tó ń ta epo pupa ní òun kò mọ bí a ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù. Èmi ní n kò mọ bí a ṣe ń ya fọ́tò tí àtàǹpàkò mi kò ní í sí nínú rẹ̀. Nígbà tó kan Olúgbádé, ó ṣí fìlà.

"Ẹ má bínú," ló wí, "mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá jẹun. Láti ìgbà tí ìyá Stella ti kú, mo máa ń bu oúnjẹ, màá wá máa wò ó títí á fi tutù."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Muslimah béèrè pé ta ló tún rí bẹ́ẹ̀ láàrin wa, àfi bí mo ṣe rí i pé ọwọ́ èmi náà ti wà lókè. Ibẹ̀ la ti dá àjọjẹ sílẹ̀: ní ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan á se oúnjẹ, gbogbo àwa tí a ń dá gbé á lọ jẹ ẹ́ nílé rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ oúnjẹ sè, a ó fún un ní ẹni tí yóò dúró tì í. Ìrẹsì tí Olúgbádé ti fi gbogbo ayé rẹ̀ bó, kò mọ̀ ọ́n sè rárá. Ó jóná, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, Muslimah ní ṣé ìrẹsì ni àbí èédú. Wọ́n ní kí n máa dúró ti iná rẹ̀. Mo dúró tì í títí tí n kò fẹ́ lọ sílé mọ́.

Àwọn ọ̀gá Delight gbọ́, ọ̀kan nínú wọn sì fẹ́ rí wa nínú kọ̀ǹpútà. Mo bu oúnjẹ ti ọ̀gá náà, mo fi ṣíbí sí i, mo gbé e síwájú kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá náà ń sọ̀rọ̀ lọ, ó kàn dákẹ́, ó gbójú sókè, kò mira. A mọ̀ pé àdúrà ti bẹ̀rẹ̀. Olúgbádé ṣí fìlà, gbogbo wa dijú. Delight tó lọ pọnmi dé, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ, ṣùgbọ́n a ti ṣe àmín. Nígbà tí ọ̀gá náà padà dé, ó ní òun kò rí ẹgbẹ́ tó fara balẹ̀ tó báyìí rí. Delight lè máa pè é ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èmi mọ ẹni tó ń gbàdúrà bí mo bá rí i, torí láti ọjọ́ náà ni àwọn ará Mówè àti Ìbàfò ti ń wá wo bí a ṣe ń ṣe é, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti Adébánjí ẹ̀gbọ́n rẹ, òun ni kò jẹ́ kí n sùn. Níbi ìsìnkú bàbá yín, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sórí àga bàbá òun. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ẹgbẹ́, mo ní n kò mọ bí ìyá ṣe ń sọ irú èyí fún ọmọ tó ti dàgbà. Muslimah ní kí n má pè é, pé ẹni tó bá bínú á pa fóònù, ṣùgbọ́n lẹ́tà kò ṣeé pa. Ó ní ìwọ ni kí n kọ ọ́ sí, kí o jẹ́ kó jẹun yó kí o tó kà á fún un. Bá mi sọ fún un pé Olúgbádé gbé àga tirẹ̀ wá láti ilé, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló gbé e sí, kò sì sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló ń nu eruku àga bàbá yín, kó tó nu tirẹ̀. N kò ní kí Adébánjí pè é ní bàbá. Kó kàn wá bá wa jẹun.

O ṣeun fún fóònù tí o rà fún mi, òun la fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Jọ̀wọ́, fi owó dátà ránṣẹ́, àti ti ìkòkò ńlá kan, a ti pọ̀. Má fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ o, ẹni tó ń ṣe POS máa ń lọ kírun, n kò fẹ́ kí owó náà dúró nínú oòrùn dè é. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ̀yin náà bu oúnjẹ kí ẹ má rí ẹni bá yín jẹ ẹ́. Ilé yín yóò kún, ayọ̀ yín kò ní dín.

Gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò para pọ̀ dáná ọjọ́ ìdúpẹ́ ìgbéyàwó wa. Èmi ìyá yín, Ìbíwùnmí, ti sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan oúnjẹ títí Adébánjí yóò fi jókòó, wọ́n sì ti gbà. Ẹ má febi pa àgbàlagbà o. Kí gbogbo yín ti dé Ọ̀fàdà kó tó di ọ̀sán Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin.